Ìrù bàálù kékeré tí à ń kàn ń gbọgbẹ́ nílẹ̀: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta kan la jọ ń kan bàálù kékeré oníjókòó méjì ní oko kan lẹ́yìn Ìpẹru. Páànù alumí ni ara rẹ̀, ẹ́ńjìnì wà níwájú, táyà mẹ́ta ló ní: méjì lábẹ́ apá, ọ̀kan lábẹ́ imú. A ò tíì fò ó. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ṣì ń lọ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, nítorí náà títan ẹ́ńjìnì àti wíwà á lọ wíwà á bọ̀ lórí ilẹ̀ nìkan là ń ṣe báyìí.

Ìrù rẹ̀ ló ń kó wa lọ́kàn sókè. Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó sanra bá fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìn apá láti wọlé, ìrù á wálẹ̀, imú á dìde. Àlejò kan gùn ún láìpẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀, òrùka irin abẹ́ ìrù tí wọ́n fi ń so bàálù mọ́lẹ̀ gbá kọ̀ǹkéré, fáíbà tó wà nísàlẹ̀ rudder (abala ẹ̀yìn ìrù tó ń darí bàálù sọ́tùn-ún sósì) sì sán. Èkejì ni pé yangí ni ọ̀nà tí à ń wà á sí. Abẹ́ ìyẹ́ ìrù ti kún fún ojú òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn kan ti ṣí ọ̀dà kúrò, ọ̀kan tẹ páànù wọnú bí ìgbà tí wọ́n fi orí ìṣó lù ú.

Ẹnì kan nínú wa ní ká de irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ ìrù kó máa bá wa gba ilẹ̀, ká sì fi páànù kejì bo iwájú ìyẹ́ ìrù nítorí òkúta. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí lẹ rí sí i?

Wẹ́dà Ṣàgámù

Irin náà ni, àbúrò. Ẹ wá ewé sípíríǹgì kan lára mọ́tò tí wọ́n ti tú, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi bóòtì méjì dè é mọ́ abẹ́ ìrù. Kò lè wúwo ju kílò méjì ààbọ̀ lọ. Kọ̀ǹkéré ò lè rí i gbé ṣe mọ́. Sípíríǹgì ò sì ní kán bí irin lásán, á kàn tẹ̀, á padà sípò ni. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, màá bá yín ṣe é.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́nnẹ́

Ọ̀gá Wẹ́dà, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko yín lórí èyí pátápátá. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nínú ilé bàálù n'Íkẹjà kí n tó padà wálé, ìrù sì ni ibi tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe de ohunkóhun mọ́ láìṣírò.

Kílò kan ní ìrù kì í ṣe kílò kan. Ká ní ìrù yín fi mítà 4 jìnnà sí ibi tí ìwọ̀n bàálù ti dọ́gba, kí gbogbo bàálù pẹ̀lú èèyàn àti epo sì jẹ́ kílò 600. Irin kílò 2.5 yẹn á fa ibi ìdọ́gba náà sẹ́yìn ní nǹkan bíi mìlímítà 17. Kí ẹ tó lè dá a padà sí ipò rẹ̀, ẹ ní láti di kílò 10 mọ́ ibi tó fi mítà 1 wà níwájú. Ẹ ti sọ irin kílò méjì ààbọ̀ di ẹrù kílò méjìlá ààbọ̀ tí ẹ óò máa gbé kiri nínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ ò bá sì dá a padà, bàálù tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti sún sẹ́yìn kọjá ààlà kì í gbọ́ràn mọ́. Imú rẹ̀ á máa wá òkè ṣáá. Bó bá wá ń yí bọ̀ wálẹ̀ látòkè, awakọ̀ lè má rí i dá dúró mọ́.

Ẹ tún wo èyí: kí ló ń mú ìrù wálẹ̀ nígbà tí èèyàn bá gun ẹ̀yìn apá? Ìwọ̀n tó kọjá sí ẹ̀yìn táyà ńlá méjèèjì ni. Irin tí ẹ bá dè mọ́ ìrù á tún fi kún un ni. Ẹ ó fi ọwọ́ ara yín mú kí ohun tí ẹ ń sá fún máa tètè ṣẹlẹ̀. Bó bá sì gbá ilẹ̀, irin líle yẹn ò ní gba ìjàǹbá náà dá, á gbé e wọnú férémù tí wọ́n dè é mọ́.

Ohun tó máa dúró sílẹ̀ nígbà tí bàálù bá lọ ni kẹ́ ẹ fi dáàbò bo ìrù. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ irin kan tí ẹ óò máa gbé sábẹ́ òrùka ìrù nígbàkígbà tí bàálù bá wà lójú kan. Ẹ má jẹ́ kó kan òrùka náà, ẹ fi àlàfo bí ìka méjì sílẹ̀ kí táyà lè máa rọ̀ kó sì máa le bó ṣe fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gùn ún, ìrù á kàn bà lé e jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ẹ so aṣọ pupa gígùn mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ yẹ èyí tó ti gbá ilẹ̀ wò. Kì í ṣe fáíbà rudder nìkan. Ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo férémù tí òrùka náà so mọ́. Ẹ wo orí rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó so páànù pọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rífẹ́ẹ̀tì tó ti tú máa ń mì díẹ̀díẹ̀ lójú ihò rẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú á máa yọ jáde, afẹ́fẹ́ á sì nà án sẹ́yìn bí èéfín àtùpà. Níbi tí ẹ bá ti rí ìlà dúdú bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ibi tí ìjàǹbá dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Kí ló dé tí wọn ò kúkú yọ táyà imú kúrò, kí wọ́n fi táyà kékeré sí ìrù bíi ti àwọn bàálù àtijọ́? Ìrù á ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tó tún máa já bọ́ sí.

Ará Òdogbolú ní Jámánì

Àbúrò, ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yíyọ táyà kan fi síbòmíì. Lára bàálù táyà imú, táyà ńlá méjèèjì wà lẹ́yìn ibi ìdọ́gba. Lára èyí tó ní táyà ìrù, iwájú ibi ìdọ́gba ni wọ́n wà. Gbogbo ẹsẹ̀ ni wọ́n máa tú, ibi tí ẹsẹ̀ ti wọnú ara bàálù á sì yí padà. Bàálù mìíràn ni wọ́n fẹ́ kàn yẹn. Ẹ wo bàálù RV-6 ti Amẹ́ríkà: èyí tó ní táyà ìrù ń jẹ́ RV-6, èyí tó ní táyà imú ń jẹ́ RV-6A, bẹ́ẹ̀ apá kan náà ni wọ́n ní. Orí RV-6A yìí ni wọ́n gbé bàálù Air Beetle lé, èyí tí àwọn ológun òfurufú wa kó jọ ní Kàdúná.

Táyà ìrù náà ní àìsàn tirẹ̀. Irú rẹ̀ ni mò ń fò níbí. Sípíríǹgì tó gbé táyà kékeré yẹn lè kán lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, rudder á sì máa wọ́ nílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́, ọ̀pá ìdarí gbọ́dọ̀ wà níwájú kí afẹ́fẹ́ má baà bọ́ sábẹ́ elevator (abala ìyẹ́ ìrù tó ń darí imú sókè sódò) kó gbé ìrù sókè, kí fáànù iwájú sì gbá ilẹ̀. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ bọ́ sínú ìyẹn nítorí òrùka tó gbá kọ̀ǹkéré.

Ọ̀rọ̀ òkúta ni mo fẹ́ dá sí. Fáànù iwájú ló ń fà á sókè. Bí bàálù bá dúró lójú kan lórí yangí tí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì sáré gan-an, fáànù á fa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ra, yóò jẹ ẹnu fáànù fúnra rẹ̀, èyí tó kù á lọ bá ìrù. Táyà méjèèjì náà ń ta òkúta sẹ́yìn. Nítorí náà:

Ẹ da kọ̀ǹkéré sí ibì kan tí ẹ óò ti máa dán ẹ́ńjìnì wò, ẹ sì máa gbá a kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnì. Kò nílò kó tóbi, kó sáà gba bàálù láti imú dé ẹ̀yìn táyà ńlá. Bí ẹ bá ti dé orí yangí, ẹ má dúró lójú kan fún ẹ́ńjìnì lágbára. Ẹ jẹ́ kó ti máa yí lọ kí ẹ tó fi kún un díẹ̀díẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn kí imú lè fúyẹ́, kí fáànù sì jìnnà sílẹ̀, àfi bí afẹ́fẹ́ líle bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀.

Páànù kejì tí ẹ fẹ́ fi bo iwájú ìyẹ́ ìrù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Tépù rọ́bà kan wà tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ fáànù hẹlikópítà. Ó tinrin, ó fúyẹ́, òkúta á bá a, á ta padà. Bó bá gbó, ẹ bó o, ẹ lẹ òmíràn. Ẹ rí i pé ọ̀tún àti òsì rí bákan náà, kí etí rẹ̀ má sì ṣí.

Wẹ́dà Ṣàgámù

Mẹkáníìkì, mo gbọ́ ti ìwọ̀n. Ìṣirò yẹn yé mi, mo sì gbà á. Ẹsẹ̀ irin náà, ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ bó ṣe yẹ kó rí, nítorí èyí tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn kan lè dá ìjàǹbá tiẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe é ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó dúró lórí páànù pẹlẹbẹ. Bí ìrù bá sọ̀ kalẹ̀ lé e ní ẹ̀gbẹ́, á yẹ̀, orí irin náà á gún abẹ́ bàálù. Páìpù mẹ́ta ni kẹ́ ẹ lò, kí ìsàlẹ̀ wọn fẹ̀ dáadáa, kí irin so wọ́n pọ̀ yíká nísàlẹ̀. Lórí rẹ̀, ẹ jó abọ́ irin kékeré kan mọ́ ọn, kí òrùka ìrù lè jókòó sínú rẹ̀ láìyọ̀, ẹ wá gé táyà mọ́tò àtijọ́ tẹ́ sínú abọ́ náà. Ẹ ṣe orí rẹ̀ ní èyí tó ń yí sókè yí sódò pẹ̀lú bóòtì onínọ́ọ̀tì ńlá, nítorí gíga ìrù yàtọ̀ nígbà tí epo bá kún àti nígbà tí kò bá sí. Ọ̀dà pupa tàbí ọsàn ni kẹ́ ẹ kùn ún.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ béèrè: bí wọ́n bá gbé bàálù lọ síbi tí ẹsẹ̀ irin ò sí ńkọ́?

Mẹkáníìkì Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ ṣé é, ọ̀gá. Abọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, mi ò rántí fi kún un.

Níbi tí ẹsẹ̀ irin ò bá sí, ìlànà wíwọlé ló kù. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó wà lórí apá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ á wọlé, á jókòó tán pátápátá, kí ẹnì kejì tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sára bàálù níbi tí ojú àlejò á ti kọ́kọ́ rí i: "Má gùn ún láìgbàṣẹ."

Ẹ tún fetí sí èyí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yọ ẹ́ńjìnì fún àtúnṣe, ìrù á já lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò ní dúró de ẹni tó máa gùn ún. Ẹ gbé ẹsẹ̀ irin síbẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtì ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́.

Ọwọ́ èèyàn ló sì burú ju òkúta lọ. Tí ẹ bá fẹ́ yí bàálù padà nínú ọgbà, ẹ ó rí ẹni tó máa fi àyà tẹ ìyẹ́ ìrù mọ́lẹ̀ kí imú lè gbéra kí wọ́n sì yí i. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ìyẹ́ ìrù kò ní egungun tó lè gba ẹrù bẹ́ẹ̀ ní etí rẹ̀. Egungun inú á sán díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà ìta kò sì ní sọ fún yín. Ẹ ṣe ọ̀pá tí ẹ óò máa fi kọ́ táyà imú fà á. Rudder àti elevator, ọwọ́ ò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n láti ti bàálù rárá.

Màmá Adìẹ Ìlíṣàn

Ẹ kú làákàyè o, ẹ̀yin ọmọ wa. Inú mi dùn pé irú èyí ń lọ ní Rẹ́mọ. Mi ò mọ bàálù, àmọ́ mo mọ adìẹ, mo sì mọ páànù alumí. Oko lẹ ní ẹ wà. Ìyẹ́ ìrù tó tẹ́jú, tó sì ga díẹ̀ sílẹ̀, ibi tí adìẹ á fẹ́ sùn sí nìyẹn. Imí adìẹ ń jẹ alumí. Àwọn páànù òrùlé tó wà lábẹ́ igi tí ẹyẹ ń sùn sí lọ́dọ̀ mi ti di ìyẹ̀fun funfun lójú, ẹ fọwọ́ kàn án báyìí, á lu. Bí imí bá kán sí i, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má fi nǹkan gbígbẹ ha á.

Ewúrẹ́ náà ń bẹ. Ewúrẹ́ á fara ha ohunkóhun tó bá yọ síta, ibi ìrù ni ara rẹ̀ sì máa dé. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí ilé náà ká láti ilẹ̀. Ẹ sì ra tapólíìnì bo ìrù náà mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ará Òdogbolú ní Jámánì

Màmá, ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀rọ̀ adìẹ yẹn kò sí ẹni tó rò ó. Tapólíìnì nìkan ni mi ò fọwọ́ sí. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á wọ abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbọ̀n ọ́n, tapólíìnì àti eruku á jọ máa ha ọ̀dà bíi sáńpépà. Aṣọ rírọ̀ tó ṣe rẹ́gí mọ́ ìyẹ́ ìrù ló dáa, tí inú rẹ̀ ní fúláànẹ́ẹ̀lì.

Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa na elevator àti rudder sókè sódò títí ibi tí wọ́n ti so kọ́ á fi gbó. Ẹ ní láti dè wọ́n. Bẹ́líìtì ìjókòó tí ẹ bá fi mú ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn á dá elevator dúró. Fún rudder, ẹ lo pákó méjì tí ẹ fi fóòmù bò, kí ó gbá a mú lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú ìyẹ́ òró.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́nnẹ́

Mo fara mọ́ pákó yẹn, pẹ̀lú ẹ̀rù. Ní 30 Oṣù Kẹwàá 1935, ní Dayton, Ohio, bàálù Boeing kan tí wọ́n ń pè ní Model 299 gbéra, ó yọ imú sókè tààrà, ó sì já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbàgbé láti tú ohun tí wọ́n fi ń de elevator àti rudder mọ́ra lórí ilẹ̀. Èèyàn méjì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn awakọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àyẹ̀wò kí wọ́n tó gbéra. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ẹ bá fi de ìrù gbọ́dọ̀ ní aṣọ pupa gígùn tó ń rọ̀ sílẹ̀. Ó sì dáa jù kí okùn kan so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tàbí ọ̀pá ìdarí, kí ẹni tó fẹ́ wọlé má lè wọlé láì tú u.

Pákó Ìjẹ̀bú-Igbó

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ara bàálù. Ilé tó wà ńkọ́? Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá ń ti bàálù wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tí ìrù bá ṣáájú, ògiri ẹ̀yìn ni ìrù máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sílẹ̀ fún táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ẹ kan pákó nínípọn mọ́lẹ̀ níbi tí táyà ńlá máa dúró, kí ìrù ṣì fi bí apá èèyàn kan jìnnà sí ògiri. Ẹni tó ń tì í ò ní láti máa wo ẹ̀yìn. Táyà bá ti kan pákó, ó tán.

Òpó ìrókò ni kẹ́ ẹ lò, ikán kì í tètè rí i jẹ. Ẹ da ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù yí ẹsẹ̀ òpó ká pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ inú ilé. Ẹ wá fi okùn de bàálù náà mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́, kó má mì rárá.

Ará Òdogbolú ní Jámánì

Ìlà àti pákó ìdínà yẹn dáa gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ò gbọ́dọ̀ dé ibi tí táyà máa tẹ̀, ó ń jẹ rọ́bà. Kó mọ sí ẹsẹ̀ òpó.

Okùn típẹ́típẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Okùn tí wọ́n fi ewéko ṣe bíi ti ọ̀gbọ̀ máa ń súnkì bí omi bá bá a. Tí òjò bá rọ̀ mọ́ okùn tí ẹ ti fà le tẹ́lẹ̀, òrùka ìrù ló máa jẹ ẹ́, á fà á títí á fi tẹ férémù. Okùn náílọ́nù ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba ìrọ̀ sílẹ̀.

Màmá Adìẹ Ìlíṣàn

Agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ mọlé ńkọ́? Wọ́n pọ̀ lágbègbè yín yẹn.

Mẹkáníìkì Ìkẹ́nnẹ́

Màmá, ẹ kú ojú lílà. Ihò kékeré kan wà lábẹ́ elevator àti rudder tí omi òjò ń gbà jáde. Agbọ́n á fi ẹrẹ̀ dí i. Omi á dúró sínú, á máa jẹ páànù láti inú, á sì fi ìwọ̀n kún ẹ̀yìn ibi ìsokọ́, níbi tó léwu jù. Ẹ máa fi igi ìtayín yọ ọ́, ẹ má fi wáyà, kí ihò má baà fẹ̀.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. A ti tú ìdérí ẹ̀yìn lónìí. Férémù kò sán, àmọ́ rífẹ́ẹ̀tì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka ní ìlà dúdú gẹ́gẹ́ bí Mẹkáníìkì ṣe sọ, a máa lu wọ́n jáde fi tuntun sí i. Irin abẹ́ ìrù ti di ohun ìgbàgbé. Ọ̀gá Wẹ́dà, a ń bọ̀ ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Sátidé fún ẹsẹ̀ onípáìpù mẹ́ta, a máa gbé ìwọ̀n gíga òrùka dání, nígbà tí epo bá kún àti nígbà tí kò bá sí.

Ìbéèrè kan ló kù. Fáíbà ìsàlẹ̀ rudder a máa tún un ṣe, a ó sì tún ọ̀dà abẹ́ elevator kùn níbi tí òkúta ti ṣí i. Ṣé a lè kàn kùn ún báyẹn?

Mẹkáníìkì Ìkẹ́nnẹ́

Fáíbà kọ́kọ́. Ẹ fi orí kọ́kọ́rọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ yíká ibi tó sán. Ibi tó ṣì dáa á dún gaan, ibi tí inú rẹ̀ ti pínyà á dún bọ̀ọ̀. Ibi tí ìró bọ̀ọ̀ bá dé ni kẹ́ ẹ gé dé, kì í ṣe ibi tí ojú rí.

Elevator, rárá, ẹ má kùn ún kẹ́ ẹ sì gbé e padà lọ́wọ́ kan náà. Ọ̀dà tó bá kún ẹ̀yìn ibi ìsokọ́ ń yí ìdọ́gba rẹ̀ padà. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, ó lè máa gbọ̀n nígbà tí bàálù bá ń sáré, gbígbọ̀n náà sì lè já ìrù. Ẹ tú u kúrò, ẹ kọ́kọ́ ha ọ̀dà àtijọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó kun tuntun. Tó bá gbẹ, ẹ gbé e kọ́ sórí nǹkan méjì nínú ilé tí afẹ́fẹ́ ò sí, kó lè máa yí láìsí ohun tó ń dì í lọ́wọ́, ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì bá ohun tí ìwé bàálù yín sọ mu. Òjé tó wà níwájú rẹ̀ ni ẹ óò fi kún tàbí kí ẹ gé. Rudder náà bákan náà, lẹ́yìn fáíbà tuntun. Bí ẹ bá sì lẹ tépù mọ́ etí elevator tó yọ síwájú, ẹ lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kì í ṣe lẹ́yìn.